Orí Rẹ̀ Tutù, Ó Ti So Kókó

Bí ẹ bá fẹ́ bi Nọ́síràtù Ògúnjìnmí léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ kọ́kọ́ wá àga jókòó. Ó ti gbìyànjú rí láti fi gbólóhùn kan ṣàlàyé rẹ̀, kò rí i ṣe. Ó sọ fún ìyá tó bí i pé òun ń wo ojú ọ̀run. Ìyá rẹ̀ ní kí ló wà nínú ìyẹn, ṣebí gbogbo ẹni tó bá sá aṣọ síta ló ń wò ó. Ó sọ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Òṣogbo pé láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni òun ti ń wò ó, kì í ṣe láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá bi í bóyá àwọn lè fọ aṣọ lọ́jọ́ kejì. Ó ní wọ́n lè fọ̀ ọ́. Òjò pa aṣọ náà, wọn ò sì bi í ní nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà, àfi kí wọ́n máa kí i kú iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà gan-an nìyí. Yàrá kékeré kan wà ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òṣogbo, tí fáànù ibẹ̀ ń pariwo ju bó ṣe ń fẹ́ lọ. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀. Sátẹ́láìtì tó wà lókè réré máa ń ya àwòrán ìkùukùu tó bo ilẹ̀ wa, àwòrán náà á sì máa bọ́ sórí kọ̀ǹpútà yìí lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ dalẹ́. Àwa tí a wà nílẹ̀, ìdí ìkùukùu là ń rí, ibi dúdú tó ṣú bò wá. Sátẹ́láìtì kò rí ìdí, orí ló ń rí. Ohun tó sì ń wò lára orí ọ̀hún ni bó ṣe tutù tó. Bí ìkùukùu bá ṣe ga sí ni orí rẹ̀ ń tutù sí, títí tí omi dídì kò fi ní jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá kun irú orí bẹ́ẹ̀ ní pupa. Èyí tó bá tún tutù ju ìyẹn lọ, á kùn ún ní dúdú sí àárín pupa náà.

Kò tán síbẹ̀. Ojú ọ̀run ní àjà tirẹ̀. Ìkùukùu tó bá ga débẹ̀ kì í ríbi gbà mọ́, ńṣe ló máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí olú. Ṣùgbọ́n bí agbára ìjì bá kọjá kèrémí, atẹ́gùn inú rẹ̀ á máa ta sókè bí ìgbà tí ẹ̀wà bá ń hó tó ń ti ọmọrí ìkòkò, á forí gbá àjà náà, orí rẹ̀ á sì so kókó. Kókó yẹn ni Nọ́síràtù ń gba owó oṣù lé lórí. Ibi tí kókó bá wà, abẹ́ rẹ̀ ni ìjì tó ń ṣí páànù wà, abẹ́ rẹ̀ náà ni yìnyín wà. Nítorí náà, lẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀, orí tó tutù ni orí burúkú. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì wá sí i lọ́kàn rí pé kò sí Yorùbá kan tó máa gbọ́ ọ kó má wò ó bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń fọn fèrè. Bàbá ní ọmọ òun jogún òun, nítorí ohun tí kì í dé lásìkò ni àwọn méjèèjì fi ayé wọn dúró dè. Nígbà tó tó lọ́kọ, ó fẹ́ Ọdúntán Ògúnjìnmí, ọmọ Ọ̀tan-Ilé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àpìkẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màámi, ní oko kòkó, kò sì sí ọmọ kan nínú ilé náà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa kòkó, bí wọ́n ṣe ń bò ó, àti bí wọ́n ṣe ń sá a. Nọ́síràtù kò mọ ọ̀kankan níbẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gún iyán fún wọn, iyán náà so kókó. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni o. Màámi jẹ ẹ́ tán, ó fọwọ́, ó ní ó ṣeun. Ì bá sàn kó bú u.

Ìgbà yẹn ló ti sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí ohun tí òun lè fi wúlò fún ilé yìí bí kò ṣe ojú tí òun fi ń wo ìkùukùu. Ó fẹ́ kí Màámi lè nawọ́ sí òun lọ́jọ́ kan pé ìyàwó wa nìyí, ohun tó ń ṣe fún wa rèé. Ó wù ú débi pé ó ń tì í lójú. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí wọ́n lọ kí wọn, ó ṣèlérí fún Màámi pé òun á máa bá a ṣọ́ òjò láti Òṣogbo, kí kòkó rẹ̀ má baà tutù mọ́.

Ní oṣù Ọ̀wàrà, ìjì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ga láti ọ̀nà Èkìtì, ó pupa, ó dúdú láàárín, kókó sì yọ lórí rẹ̀. Inú Nọ́síràtù dùn bí ẹni tó mú olè. Ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ohun tójú rẹ̀ bá rí ni kó sọ, kó má pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó ilé kò sì ní pàṣẹ fún ìyá ọkọ náà. Ó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù Màámi, láìfi àmì ohùn kankan sí i gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti ń ṣe: “Maami. Ori re tutu gan loni o. O ti so koko.”

Ẹni tó máa ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún Màámi ni Fẹ̀hìntọlá, ẹ̀gbọ́n Ọdúntán, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, Tíṣà Àgbà ni Nọ́síràtù ń pè é. Tíṣà Àgbà wọ awò ojú rẹ̀, ó gbé ohùn sókè bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì, ó kà á báyìí:

“Màámi, orí rẹ tutù gan-an lónìí o. Ó ti so kòkó.”

Ẹ gbọ́ ná. Ta ló gbọ́ irú àdúrà yẹn rí fún olóko kòkó? Tíṣà Àgbà ní gírámà rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, nítorí ‘orí yín’ ló yẹ kí ọmọ Òṣogbo kọ sí ìyá ọkọ. Àmọ́ ibi tí Tíṣà rí àṣìṣe ni Màámi ti rí ìfẹ́. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àtijọ́, ‘o’ ni wọ́n ń bá ìyá wọn sọ.

“Ẹ ò rí i pé ó ti ń sọ̀rọ̀ bíi tiwa,” ni Màámi wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Ùyàwó mi ti di ọmọ ulé. Bá mi dá a lóhùn.”

Bí Nọ́síràtù ṣe rí èsì gbà nìyẹn lórí pé ìjì ń bọ̀: “Amin. Ori tie naa a tutu.” Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó rò pé bóyá báyìí ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe máa ń fi ìgbàgbọ́ gba ìròyìn burúkú, ó tilẹ̀ gbóríyìn fún wọn lọ́kàn. Ní Ọ̀tan-Ilé, Màámi ti kó gbogbo kòkó tó wà ní yàrá jáde, títí kan èyí tí kò tíì yẹ ní sísá, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n ṣe irú àdúrà bẹ́ẹ̀ fún tí yóò fi kòkó rẹ̀ pamọ́ sínú òkùnkùn. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n tán, òjò dé pẹ̀lú ìjì. Àgbàrá kó kòkó pẹ̀lú ẹní, ó gbé e gba ẹ̀yìn ilé lọ sódò.

Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà tán lórí fóònù, tí gbogbo wọn rí ibi tí àmì ohùn ti ṣe wọ́n báyìí, Tíṣà Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìyàwó ló yẹ kó fún ọmọ ilé lórúkọ, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ló fún un lórúkọ: wọ́n sọ ọ́ ní Orítutù. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí, wọ́n á ní, “Orítutù, ṣé dáadáa lo dé? Ṣé ká kó aṣọ wọlé?” Òun náà á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tirẹ̀ ló tilẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Ó sọ ìtàn náà ní ọ́fíìsì, ó sọ ọ́ nílé ìkómọ, ó ń fi ohùn Tíṣà Àgbà kà á. Ṣùgbọ́n ó dùn ún wọ egungun. Gbogbo kòkó tó yẹ kó gbà là ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbé jáde fún òjò.

Màámi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kò bínú náà. Ọjọ́ tí Nọ́síràtù wá bẹ̀ ẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: “Kí ló mú kí orí tútù di nǹkan burúkú lọ́dọ̀ tiyín?” Nọ́síràtù ṣàlàyé àjà ojú ọ̀run, ó ṣàlàyé orí olú àti ọmọrí ìkòkò ẹ̀wà. Màámi fọwọ́ lẹ́rán, ó gbọ́ ọ títí dópin, ó ní, “Kò burú,” ó sì dìde lọ wo ewúrẹ́ rẹ̀. Nọ́síràtù gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Ó tún gbà pé lójú Màámi, òun kò wúlò fún nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀rùn kọjá, oṣù Ẹrẹ́nà wọlé pẹ̀lú ààwẹ̀. Páànù ilé Màámi ti dógùn-ún, ó ti ń jò, àwọn ọmọ rẹ̀ sì pa owó pọ̀ ra tuntun. Akeem kápẹ́ńtà àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti ṣí ti àtijọ́ kúrò, wọ́n wà lókè tí wọ́n ń kan tuntun. Tíṣà Àgbà dúró nílẹ̀ tó ń júwe iṣẹ́ tí kò mọ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Màámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi obì, níbi tó ti lè rí ilé rẹ̀ tí kò ní orí.

Ní Òṣogbo, Nọ́síràtù ń wo kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ. Pupa kan yọ lápá Èkìtì. Ó dijú, ó là á. Àwòrán mìíràn bọ́ sílẹ̀, pupa náà ti fẹ̀ sí i, dúdú ti wà láàárín rẹ̀. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, kókó ti yọ, ó tóbi ràgàjì ju ti oṣù Ọ̀wàrà lọ, ó sì dorí kọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ó rántí àwọn tó wà lórí igi ilé pẹ̀lú páànù lọ́wọ́. Ìjì tó bá ká èèyàn mọ́ irú ibẹ̀ kì í fi í sílẹ̀ síbi tó ti bá a. Ó gbé fóònù, ó pe Tíṣà Àgbà.

“Tíṣà Àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí àwọn kápẹ́ńtà sọ̀ kalẹ̀. Ìjì ńlá kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Ẹfọ̀n.”

“Orítutù, oòrùn tó wà níbí lè sun àgbàdo.”

“Kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín ni, sà. Ẹ̀yìn òkè ló ṣì wà.”

“Ṣé kì í ṣe ebi ààwẹ̀ ló ń ṣú lójú rẹ yẹn?”

Ó ti ṣí fóònù náà sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, nítorí Nọ́síràtù gbọ́ tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín láti òkè ilé.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ó le ni.”

“Ó le bíi kí ni? Ṣé ó gbóná ni àbí ó tutù?”

Nọ́síràtù tún wo kọ̀ǹpútà. Ó mọ èsì. Iwájú rẹ̀ ló wà, ó dúdú bí ìdí ìkòkò láàárín pupa. Àmọ́ kò lè pe ọ̀rọ̀ yẹn sétí àwọn èèyàn yìí mọ́, kí wọ́n má baà tún fi ṣe yẹ̀yẹ́ dé ọdún Iléyá. Ó ní ìjì náà ga. Ó ní ó lágbára, ó ní ó ń yí, ó ní ó gbòòrò, ó ní kò dára rárá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ rán an lọ sílé ìwé lọ kọ́ ló lò tán, àfi ẹyọ kan tó yẹ kó lò.

“Ìyàwó wa,” ni Tíṣà Àgbà wí, “Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Ìdí ìṣáná la ò tíì rí, ìdí sátẹ́láìtì la ó wá rí?”

Ẹ̀rín tún sọ. Nígbà náà ni ohùn kan sọ pé, “Mú un wá.” Màámi ló gba fóònù.

“Nọ́síràtù.”

Kò pè é ní Orítutù. “Màámi,” ni ìyẹn dáhùn.

“Orí rẹ̀ ńkọ́?”

Nọ́síràtù kò kọ́kọ́ gbà pé òun gbọ́ ọ dáadáa. Obìnrin tó rò pé àlàyé kò yé, òun ló ń béèrè ohun tí ọ̀gá ọ́fíìsì ì bá béèrè.

“Ó tutù, Màámi,” ló sọ. “Ó tutù ju ti ìjọ́sí lọ. Ó ti so kókó.”

Kò sí àmín lọ́jọ́ yẹn. Ó gbọ́ tí fóònù balẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó sì gbọ́ ohùn Màámi lọ́nà jíjìn pé, “Akeem, sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀.” Akeem ń ṣàlàyé pé ìṣó díẹ̀ ló kù. “Ìṣó ò ní sá lọ. Mo ní o sọ̀ kalẹ̀.” Bí ìlà ṣe já nìyẹn.

Nọ́síràtù pè títí, kò wọlé mọ́. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń wo bí pupa náà ṣe ń bo Ọ̀tan-Ilé mọ́lẹ̀. Òun tó mọ bí orí ìkùukùu ṣe tutù tó, kò mọ̀ bóyá ìyá arúgbó kan ti wọlé àbí kò tíì wọlé. Sátẹ́láìtì kì í rí èèyàn. Ẹ̀rù bà á. Lẹ́yìn náà ló tún rí ẹ̀rù kejì lábẹ́ ti àkọ́kọ́: bí ìjì náà bá yà gba ibòmíràn ńkọ́, tí iṣẹ́ dúró, tí oòrùn ń ràn yẹ̀ẹ̀? Orúkọ wo ni wọ́n tún máa sọ òun? Kó tó mọ̀, ó ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìjì náà jà dáadáa. Ó gbọ́ ohun tí òun ń sọ, ojú tì í. Ààwẹ̀ lẹ́nu, ó ń tọrọ kí ilé ìyá ọkọ rẹ̀ wó kí òun lè jàre. Ó tọrọ àforíjì, ó ní kí Ọlọ́run jọ̀ọ́ gbàgbé ti ìṣáájú.

Nígbà tó yá, ìjì náà dé Òṣogbo, iná lọ, kọ̀ǹpútà kú. Òjò náà ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ kí ó tó rí ọkọ̀ wọ̀ dé ilé. Ọdúntán, ọkọ rẹ̀, ló bá ní yàrá, ó dúró sínú omi, ó gbé tìmùtìmù ibùsùn wọn ró mọ́ ògiri. Fèrèsé yàrá ni Nọ́síràtù ṣí sílẹ̀ gbayawu láàárọ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé.

“Ṣé èyí ò hàn nínú kọ̀ǹpútà ni?” ni Ọdúntán bi í.

Nọ́síràtù lọ ti fèrèsé náà. Gbogbo ọ̀sán ló fi wo ìjì náà tó ń bọ̀ láti Èkìtì, kò sì rántí lẹ́ẹ̀kan pé ojú ọ̀nà rẹ̀ ni ilé tirẹ̀ náà wà. Òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji bá rí leji ń pa. Wọ́n jọ jókòó sórí àga kan tó ṣẹ́ kù gbígbẹ, wọ́n ń gbìyànjú fóònù Ọ̀tan-Ilé. Nọ́síràtù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dàbínù ṣínu ni fóònù rẹ̀ dún. Tíṣà Àgbà ni.

“Ìyàwó wa,” ló wí. “Igi ilé tí Akeem jókòó lé, ẹ̀yìn ilé kejì la ti rí i. Ẹ̀ka igi obì wó lu bẹ́ǹṣì Màámi, bẹ́ǹṣì náà ti di igi ìdáná.”

“Màámi ńkọ́?”

“Gbogbo wa la wà ní kíṣìnì, àwa àti ewúrẹ́. Mo ń wá awò ojú mi.” Nọ́síràtù gbọ́ tó ń ti ìkòkò kiri. “Màámi ní kí n gbé fóònù fún àwọn.”

Ohùn Màámi wọlé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. “A wà ní pípé, kò sí ẹni tó fara pa. Páànù mẹ́ta ti lọ kàwé ní pólì Ẹ̀sà-Òkè.”

Nọ́síràtù mọ̀ pé ìjì náà kò gba ọ̀nà Ẹ̀sà-Òkè, ṣùgbọ́n kò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Omi ti lé ròrò sí i lójú.

Màámi kì í gbé fóònù sílẹ̀ láìṣàdúrà. Ó bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. “Ọlọ́run á dá ọ sí. Ọ̀nà rẹ á là. Orí rẹ á...” Ó dúró. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní kíṣìnì, bóyá Akeem ni. “Orí rẹ á dára,” ni Màámi parí rẹ̀.

“Àmín, Màámi.”

“Bí o bá sì tún rí i tó tutù, èmi ni kóo pè. Má pe Tíṣà mọ́.”

“Àmín,” ni Nọ́síràtù wí.